Bí Àwọn Baba Ńlá Wa Ṣe Ń Gbúròó Ara Wọn Láti Ọ̀nà Jíjìn

   

Ọmọdé kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú kan, bí mo ti ń kí àwọn ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ di ẹ̀wù mi mú. Ó ní, "Fadá, ẹ jọ̀ọ́, kí fóònù tó dé, báwo ni ẹni tó wà ní Kano ṣe máa ń mọ̀ pé ìyá òun wà láàyè nílé?" Ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n má dá a lóhùn, ó ní ìbéèrè rẹ̀ ti ń pọ̀ jù. Mo ní ìbéèrè náà dára, pé n ó dáhùn rẹ̀ lórí rédíò kí gbogbo wa lè jọ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni èmi náà bi í pé, "Kí ni orúkọ ìyá ìyá rẹ?" Ọmọ náà dákẹ́. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá náà wolẹ̀.

N kò sọ èyí láti dójú ti ẹnikẹ́ni, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Fóònù wà lápò wa, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò gbúròó ilé fún oṣù mẹ́ta, mẹ́fà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìyẹn láàárín ọdún 1801 sí 1900, kí a wo bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ṣe é nígbà tí kò sí fóònù, tí ọ̀nà kò sì dára.

Ayé Tí Ilé Tú Ká

Kí a tó lè mọ rírì ohun tí wọ́n ṣe, ó yẹ kí a mọ ohun tó yà wọ́n nípa. Ọ̀rúndún yẹn jẹ́ ọ̀rúndún ogun nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀yọ́ Ilé, olú ìlú tó ti lókìkí láti ayébáyé, di ahoro. Wọ́n fọ́ Òwu. Àwọn Ẹ̀gbá fi àwọn ìlú wọn sílẹ̀, wọ́n sì tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Lẹ́yìn èyí ni ogun Ìjàyè tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, àti ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì òun Ìjẹ̀ṣà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì parí pátápátá títí di 1893.

Bí ogun bá ti dé, ẹbí kan á pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Baba á kú sójú ogun. Ìyá á di ẹrú ní ìlú tí kò jìnnà. Ẹ̀gbọ́n á bá àwọn oníṣòwò ẹrú lọ sí òkè lọ́hùn-ún, sí ilẹ̀ Núpé tàbí ilẹ̀ Haúsá. Àbúrò á dé etí òkun, wọ́n á sì kó o sínú ọkọ̀ lọ sí Brazil tàbí Kúbà. Nígbà tí ogun bá wà, ọ̀nà a sé, oníbodè kò sì ní jẹ́ kí àlejò kọjá. Ọ̀nà ọjọ́ mẹ́ta lè gba ènìyàn ní ọdún kan. Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣì ń wá ọ̀nà láti bi ara wọn pé, "Ṣé o wà láàyè?"

Àrokò, Lẹ́tà Àwọn Tí Kò Kàwé

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni àrokò. Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rò pé ọba nìkan ló ń fi í ránṣẹ́ nígbà ogun. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkọ ń pa àrokò ránṣẹ́ sí ìyàwó, ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, ọmọ sí ìyá. A ó di ẹrù kékeré kan, a ó fi lé ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ́wọ́, ẹni tí ó gbà á yóò sì ka nǹkan inú rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé.

Ọ̀pọ̀ nínú àrokò ló dúró lórí ohùn èdè wa fúnra rẹ̀. Bí mo bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí o bá fi mẹ́jọ dá mi lóhùn, ẹ̀jọ nìyẹn: ọ̀rọ̀ wa jọ, ohun tó wà lọ́kàn mi ló wà lọ́kàn tìrẹ náà. Bí ẹnì kan bá fi òòyà ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìyapa ni. Bí a ṣe to owó ẹyọ náà tún ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Méjì tí ó kọjú síra wọn ń sọ pé a jẹ́ ọ̀kan, mo sì fẹ́ rí ojú rẹ. Bí a bá so ìyẹ́ ẹyẹ mọ́ ọn, kíákíá ni mo fẹ́ rí ọ, kí o fò bí ẹyẹ. Méjì tí ó kẹ̀yìn síra wọn, ìjà ti dé nìyẹn.

Ọmọ Jámánì kan tí í ṣe míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, C. A. Gollmer, tí ó dé Àgbádárìgì ní 1845, kó ọ̀pọ̀ irú àrokò wọ̀nyí jọ, ó sì jẹ́ kí a tẹ àlàyé wọn jáde ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní 1885. Ọ̀kan wà nínú wọn tí n kò lè gbàgbé. Ọkùnrin kan wà ní ìgbèkùn ní Dàhómì, ìyàwó rẹ̀ sì wà nílé. Kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a kọ ọ́. Ó di nǹkan márùn-ún pọ̀: òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan àti àkísà. Nígbà tí ẹrù náà dé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó kà á báyìí: ara ọkọ mi ṣì le bí òkúta, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ ṣókùnkùn bí èédú, ọkàn rẹ̀ ń ta á bí ata, ìyà ti gbẹ ẹ́ bí àgbàdo tí a yan, aṣọ ara rẹ̀ sì ti di àkísà.

Ẹ kíyè sí bí ó ṣe to ọ̀rọ̀ náà. Òkúta ló kọ́kọ́ wà, nítorí ó mọ̀ pé ohun tí ìyàwó rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bèèrè ni, "Ṣé ó wà láàyè?" Lẹ́yìn tí ó ti fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí ìyẹn ni ó tó sọ òtítọ́ ìyà rẹ̀ fún un. Kò parọ́ pé ara òun dá pé, kò sì kó ìpayà bá a lójijì. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó kàwé kò mọ bí a ti ń ránṣẹ́ sílé tó bẹ́ẹ̀.

Àrokò ń fẹ́ ìránṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bákan náà ni ó rí nígbà Pọ́ọ̀lù Mímọ́. Àwọn ìwé rẹ̀ tí a ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ènìyàn ló fi ẹsẹ̀ rìn, tó wọ ọkọ̀, tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a kọ wọ́n sí.

Ọ̀nà Kano Nígbà Náà

Ẹ má rò pé rélùwéè ló kọ́kọ́ gbé Yorùbá dé ibí. Nínú ìlú Kano àtijọ́, lẹ́yìn odi, àdúgbò Ayagi wà títí di òní, tí a mọ̀ sí àdúgbò tí ìran Yorùbá tẹ̀ dó kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé rárá. Àwọn oníṣòwò ń gba Ìlọrin àti ilẹ̀ Núpé kọjá pẹ̀lú aṣọ, obì, ìyọ̀ àti awọ. Nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí 1825, ojú ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ti là sílẹ̀ ni ó tọ̀. Ó gba Ọ̀yọ́ Ilé, ó gba Borgu àti Núpé, ó sì dé Kano ní July 1826.

Lójú ọ̀nà yìí, ẹnu ni lẹ́tà. Oníṣòwò tó ń lọ á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ogún ènìyàn: "Bí o bá dé Ìlọrin, sọ fún onílé mi pé mo ti bímọ." Onílé tí àwọn àlejò ń wọ̀ sí ló ń ṣe bí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ ń kó jọ sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó ń wá ènìyàn wọn ti ń bèèrè. Àwọn Mùsùlùmí tó mọ ìwé ní tiwọn ń kọ lẹ́tà ní èdè Lárúbáwá, wọ́n sì ń fi rán àwọn arìnrìn-àjò.

Ṣùgbọ́n ẹnu ní àléébù tirẹ̀: ó lè sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Heinrich Barth, ọmọ Jámánì tó wọ Kano ní 1851, rin ìrìn àjò dé Timbuktu. Kí ó tó padà, ìròyìn ti tàn kálẹ̀ pé ó ti kú, ìròyìn náà sì dé ìlú rẹ̀. Ní December 1854, ó pàdé ọmọ Jámánì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Eduard Vogel, nínú igbó, ẹnu sì ya àwọn méjèèjì. Bí àwọn tó ní ọba àti owó lẹ́yìn bá lè di òkú lẹ́nu ènìyàn nígbà tí wọ́n wà láàyè, ẹ wo ohun tí ojú ìyá aláìní kan ní abúlé yóò ti rí.

Sàró: Àwọn Tí Wọ́n Padà Wá Ilé

Láti ọdún 1808 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń lé àwọn ọkọ̀ akẹ́rú lójú òkun. Àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, Freetown ní Sierra Leone, tí àwa ń pè ní Sàró, ni wọ́n ń kó wọn lọ. Àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ débi pé àwọn aládùúgbò wọn fún wọn ní orúkọ, wọ́n ń pè wọ́n ní Àkú, nítorí gbogbo ìkíni wọn ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ kú".

Báwo ni ẹni tí a kó wá láti ibi tí kò mọ̀ ṣe ń wá ẹbí rẹ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn? Ilà ojú ni ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Bí àbàjà, gọ̀ǹbọ́ tàbí pélé bá wà lójú ẹnì kan, ẹni tó mọ̀ ọ́n á sún mọ́ ọn, á bi í ní orúkọ ìlú rẹ̀. Lẹ́yìn ilà, oríkì ni ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá mọ oríkì ìdílé rẹ kì í ṣe àlejò.

Ní 1839, díẹ̀ nínú wọn da owó pọ̀, wọ́n ra ọkọ̀ ojú omi kan tí a ń pè ní Queen Victoria, wọ́n sì kó ènìyàn 67 lọ sí Àgbádárìgì láti padà sílé. Lẹ́yìn wọn ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ti ń délé ni wọ́n ń fi ìròyìn ránṣẹ́ padà sí Freetown: ẹni tó ti kú, ẹni tó kù, ìlú tó ti tú. Ọ̀kan nínú àwọn tó padà, James Ferguson, kọ lẹ́tà láti Àgbádárìgì ní March 1841 sí àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Freetown pé kí wọ́n rán olùkọ́ sí àwọn. Lẹ́tà náà wà lára ohun tó mú Thomas Birch Freeman dé Àgbádárìgì ní September 1842. Lẹ́tà ẹnì kan ṣoṣo, ẹ wo ibi tí ó gbé ọ̀rọ̀ dé.

Àjàyí àti Ìyá Rẹ̀

Gbogbo wa la mọ orúkọ Samuel Àjàyí Crowther. Ìjọ Áńgílíkà ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ kò ní ìjọ. Ní 1821 ni ogun kó ìlú Òṣoògùn. Wọ́n mú Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n sì pín wọn níyà. Wọ́n ta ọmọ náà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n kó o sínú ọkọ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ ní April 1822. Ní Freetown ló ti kàwé.

Ní 1837, ó kọ lẹ́tà gígùn kan ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ròyìn bí a ṣe mú un àti bí ó ṣe sunkún ìyá rẹ̀. Ẹ dúró kí a ro èyí wò. Ọkùnrin tí ó lè kọ lẹ́tà kí ó dé ọwọ́ àwọn tí kò rí rí ní òkè òkun, kò ní ọ̀nà kankan láti sọ fún ìyá tó bí i pé òun wà láàyè. Kò mọ ìlú tí ìyá náà wà. Ìyá náà kò sì lè ka ìwé.

Ní January 1845, ó dé Àgbádárìgì pẹ̀lú Henry Townsend àti Gollmer láti lọ sí Abẹ́òkúta. Ọ̀nà ti dí. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ogun sì wà lójú ọ̀nà. Ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi jókòó létí òkun. Ní gbogbo ìgbà náà, ìyá rẹ̀ wà ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò sì mọ̀.

Ní August 1846 ni ó wọ Abẹ́òkúta. Àwọn ènìyàn ròyìn rẹ̀ kiri, ìròyìn náà kàn dé etí ẹbí rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 21 oṣù náà, ìyá rẹ̀ dé. Ọdún 25 ti kọjá. Nínú àkọsílẹ̀ tí Crowther ṣe, ó ní nígbà tí ìyá òun rí òun, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo ara wọn pẹ̀lú omi lójú. Nígbà tí ìyá náà rí ohùn, àwọn orúkọ tí ìyá ìyá rẹ̀ fi ń pè é ní kékeré ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ní 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Ó wà láàyè títí di 1883, ó rí i tí ọmọ rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin ará mi, kí ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn ọdún 25? Kì í ṣe lẹ́tà. Orúkọ ni. Ọmọ náà kò gbàgbé orúkọ ìlú rẹ̀, kò gbàgbé èdè rẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ kò sì gbàgbé orúkọ rẹ̀. Mo bẹ yín, ẹ rántí ọmọ tó di ẹ̀wù mi mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn Àgùdà

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa gan-an. A ń pe ìjọ wa ní Ìjọ Àgùdà. Àgùdà ni orúkọ tí a fún àwọn Yorùbá àti ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n di òmìnira ní Brazil àti Kúbà tí wọ́n sì padà sí Èkó, Àgbádárìgì, Porto-Novo àti Ouidah. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Bahia ní January 1835 ni púpọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, àwọn mìíràn sì ń bọ̀ títí di ìgbà tí Brazil fòpin sí oko ẹrú ní 1888 àti lẹ́yìn rẹ̀. Kí àlùfáà kankan tó jókòó sí Èkó ni ọkùnrin kan láàárín wọn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Padre Antonio bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àlùfáà, ti ń kó wọn jọ fún àdúrà. Fadá Borghero bẹ̀ wọ́n wò ní 1863, Fadá Bouche sì wá bá wọn gbé ní 1868.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òkun ni ìdajì ẹbí wọn kù sí. Ìyá wà ní Bahia, ọmọ wà ní Èkó. Ọkọ̀ ìṣòwò ni ó ń so wọ́n pọ̀. Aṣọ òkè, obì, ọṣẹ dúdú àti epo pupa ń lọ sí Bahia. Tábà, ọtí àti ẹran gbígbẹ ń bọ̀ wá sí Èkó. Pẹ̀lú ẹrù ni lẹ́tà ń lọ, ní èdè Potogí, àti ẹ̀bùn àti ìkíni ẹnu. Àwọn mìíràn rán ọmọ wọn gan-an. Ní Bahia ni a bí Martiniano Eliseu do Bomfim ní 1859. Ní 1875, baba rẹ̀ mú un wá sí Èkó kí ó lè kàwé kí ó sì mọ èdè àwọn baba rẹ̀. Ó lo ọdún mọ́kànlá, ó padà sí Bahia ní 1886, ó sì di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń tọ̀ lọ níbẹ̀ láti bèèrè ọ̀rọ̀ Yorùbá. Baba kan la òkun kọjá kí ọmọ rẹ̀ má bàa gbàgbé ilé. Àwa tí a wà ní Kano, tí bọ́ọ̀sì ń gbé wa délé láàárín ọjọ́ kan, ọmọ wa mélòó ló ti sun ilé baba wọn rí?

Lẹ́tà, Wáyà àti Rélùwéè

Díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan ń rọrùn. Ní 1852 ni ọkọ̀ onísítíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí etí òkun wa lóṣooṣù, ó sì ń dúró ní Freetown àti Èkó. Ní 1859, Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní èdè wa, kí àwọn tó mọ̀wé lè ka ìròyìn fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ní 1874, Èkó ní sítáǹbù tirẹ̀. Ní 1886, okùn wáyà tí a tẹ́ sábẹ́ òkun dé Èkó, ọ̀rọ̀ tí ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì lè dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ kan náà.

Lẹ́yìn náà ni rélùwéè. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tí ó sì di 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Kano. Ìgbà náà gan-an ni Sabon Gari bẹ̀rẹ̀. Àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn oníṣòwò Yorùbá tí wọ́n kọ́kọ́ gbé níbẹ̀ kò jáwọ́ nínú àṣà àtijọ́. Bí ẹnì kan bá ń lọ sílé, gbogbo àdúgbò á kó iṣẹ́ àti ẹrù lé e lọ́wọ́. Bí ó bá dé, gbogbo àdúgbò á pé jọ sí iyàrá rẹ̀ láti gbọ́.

Ọjọ́ Mọ́kànlá

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú tèmi rí. Ní October 1991, nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Kano yìí, mo jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nílé. Àbúrò baba mi ń ṣiṣẹ́ ní Sabon Gari. Rédíò sọ pé wọ́n ń pa ènìyàn. Kò sí fóònù nílé wa. Ìyá baba mi gbé àpótí síwájú ilé, ó jókòó sí i láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń wo gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró. Ọjọ́ mọ́kànlá ni. Oríṣiríṣi ènìyàn mú oríṣiríṣi ìròyìn wá. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé òun rí òkú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlá, awakọ̀ kan dúró, ó mú bébà kan tí a ya nínú ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jáde lápò. Ìlà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Mo kà á: ó wà láàyè, kò farapa, kí ìyá òun jẹun. Màmá gba bébà náà lọ́wọ́ mi. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó wò ó pẹ́, ó sì fi wé gèlè. Nígbà tí ó kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a bá bébà náà nínú àpótí aṣọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo lọ sí sẹ́mínárì, tí mo di àlùfáà. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé èmi náà tí mo rí gbogbo èyí ti jẹ́ kí oṣù mẹ́rin kọjá rí láìpe ìyá mi, nígbà tí fóònù ti wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ìdí kan. Mo kàn ń sọ pé, "Lọ́la ni."

Ohun Tí A Lè Rí Kọ́

Láti August 2001 tí fóònù alágbèéká ti dé, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀nà ló dí. Nítorí náà, mo fẹ́ kí a mú nǹkan mẹ́rin lọ láti ọwọ́ àwọn baba wa.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a ní ọjọ́ kan tí a ó máa pe ilé, bóyá lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá ń retí pé kí ohun tí yóò sọ kọ́kọ́ wà kò ní pe ilé láéláé. Ọkùnrin tó wà ní Dàhómì kò ní ju òkúta kan lọ láti fi bẹ̀rẹ̀: "Mo wà láàyè."

Èkejì, ẹ gbé fóònù sí etí àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà kì wọ́n ní oríkì. Bí Yorùbá wọn kò bá dán mọ́rán, ẹ má ṣe bínú sí wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n mọ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn baba àti ìyá yín títí dé ìran kẹta sínú ìwé kan nílé.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, ẹ tètè ránṣẹ́ sílé kí ẹnu ayé tó ṣáájú yín. Ẹ má sì gbé ìròyìn ikú tí kò dá yín lójú ká orí WhatsApp. Ìyá kan lè wà níbì kan tó jókòó síwájú ilé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má fi owó tí ẹ ń rán sílé rọ́pò ohùn yín. Owó dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí ló ń gbọ́ ìró owó nínú fóònù tí wọn kò gbọ́ ohùn ọmọ. Bí àyè bá sì wà, ẹ padà lọ wò wọ́n. Àjò kì í dùn kí onílé má rè'lé.

Mo ti rí ìyá ọmọ náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ náà ló sáré tọ̀ mí wá. Ó ní, "Fadá, mo ti mọ orúkọ màmá àgbà. Àdùnní ni. Wọ́n ní ohùn mi jọ ti bàbá àgbà tó ti kú." Mo bi ìyá rẹ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe gba ìpè náà nílé. Ó ní nígbà tí màmá òun gbọ́ ohùn òun, kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó kàn ń pe orúkọ òun léraléra.

Ẹ̀yin ará mi, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ pe ilé. Kí Ọlọ́run bá wa dá ẹ̀mí àwọn òbí wa sí, kí Ó sì tẹ́ àwọn tó ti lọ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.